Pardoe Kan Ṣoṣo

Nígbà tí Noreen Pardoe kọ Wendell ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú Omaha, ohun kan péré ni ọkùnrin náà bẹ̀bẹ̀ fún níwájú adájọ́: "Máa gbé ilé lọ, máa mú ajá lọ, ṣùgbọ́n dá orúkọ mi padà fún mi." Wọ́n ní orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Noreen kò yan ọ̀kan nínú wọn, gbogbo rẹ̀ ló kó. Kì í ṣe pé ìfẹ́ Wendell ṣẹ́ kù lọ́kàn rẹ̀. Hogg ni orúkọ bàbá tirẹ̀, bí wọ́n sì ṣe ń pe ẹlẹ́dẹ̀ lédè wọn nìyẹn gẹ́lẹ́. Ní gbogbo ìgbà tó fi wà nílé ìwé, ńṣe ni wọ́n ń dún bí ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bọ́ nínú irú ìyà bẹ́ẹ̀ kì í padà sínú rẹ̀ torí pé ọkọ ò dáa.

Ó ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé ìwé, ó ń jẹun tirẹ̀ jẹ́jẹ́, àfi lọ́jọ́ kan tí fóònù rẹ̀ dún.

"Ṣé Ìyáàfin Pardoe nìyẹn? Èmi ni Gladys Kolterman, méyọ̀ ìlú Pardoe."

"Ìlú wo?"

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àwàdà! Ìlú yín ni, Ìyáàfin."

Ó ní ìlú náà fẹ́ ṣe àádọ́jọ ọdún, wọ́n sì fẹ́ ṣí aṣọ lójú ère Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ezra Pardoe tó tẹ̀ ẹ́ dó. Nínú ìdílé Kọ́nẹ́ẹ̀lì yìí ni sẹ́nétọ̀ kan ti jáde, adájọ́ kan ti jáde, ẹnì kan sì tún jáde tó mọ bọ́ọ̀lù jù débi pé wọ́n wá mú un lọ sí Chicago. Odò ibẹ̀, Pardoe. Afárá orí rẹ̀, Pardoe. Ilé ìwé àti táǹkì omi, Pardoe.

"Ṣùgbọ́n Pardoe ẹlẹ́ran ara, kò sí," ni méyọ̀ wí. "Ẹni tó kẹ́yìn ti kó ẹrù lọ kí wọ́n tó bí mi. Kolterman kún ibí bíi koríko. Ẹ̀yin nìkan la rí."

"Ìyáàfin, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Orúkọ yìí, ọkọ mi ló—"

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Hòtẹ́ẹ̀lì, oúnjẹ, ọ̀fẹ́ ni gbogbo ẹ̀."

Noreen gbé àlàyé náà mì.

Lọ́jọ́ tó dé ìlú Pardoe, fèrè ni wọ́n fi pàdé rẹ̀. Wọ́n mú un lọ sí ilé ìkàwé, níbi tí àwòrán Kọ́nẹ́ẹ̀lì wà. Bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Otto wo àwòrán, ó wo Noreen, omi sì lé ròrò sí i lójú.

"Ẹ wo imú! Ẹ̀jẹ̀ ò lè purọ́ láéláé!"

Noreen fọwọ́ kan imú rẹ̀. Imú Hogg ni, imú bàbá rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, ẹnikẹ́ni ò yìn ín rí. Inú rẹ̀ dùn, ojú sì ń tì í, kò mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó ti jókòó sórí pèpéle nígbà tí Wendell dé. Orí rédíò ló ti gbọ́ pé wọ́n ti rí ọmọ Pardoe. Òun gan-an sì ni ọmọ-ọmọ-ọmọ Kọ́nẹ́ẹ̀lì, ìyá rẹ̀ àgbà máa ń sọ ọ́ fún un. Ó ti so táì mọ́rùn. Àgbẹ̀ sìgbọnlẹ̀ kan dá a dúró nídìí àkàsọ̀.

"Ọ̀gá, Pardoe nìkan ló ń gòkè níbí."

"Pardoe ni mí!"

"Hẹ̀n-ẹ́n. Látìgbà tá a ti kéde páì ọ̀fẹ́ fún mọ̀lẹ́bí, ta ni ò tíì di Pardoe?"

"Noreen!" Wendell figbe ta. "Sọ fún wọn!"

Méyọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sétí Noreen. "Ṣé ẹ mọ ọkùnrin yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ọkọ mi àtijọ́ ni. Òun ló ni orúkọ yẹn, Ìyáàfin. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo ti gbà á."

Méyọ̀ wo Wendell láti orí pípá rẹ̀ dé imú rẹ̀ pẹlẹbẹ. Ó mi orí.

"Ẹ mà lójú àánú o. Àwọn ọkùnrin òde òní! Wọ́n á gba orúkọ ìyàwó, wọn ò ní fẹ́ dá a padà."

Nígbà tí wọ́n ní kí Noreen sọ̀rọ̀, ó dìde, ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé òun ò ní lè gbé irọ́ yìí délé. "Ẹ̀yin ará Pardoe, mi ò sí lára ẹ̀jẹ̀ Kọ́nẹ́ẹ̀lì. Hogg ni wọ́n bí mi. Ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ yẹn lẹ̀ ń wá."

Otto fọwọ́ gbá itan rẹ̀ pàì, ó bú sẹ́rìn-ín, gbogbo èrò sì gbà á lẹ́nu rẹ̀.

"Hogg, ó mà ga o! Bí Kọ́nẹ́ẹ̀lì náà ṣe máa ń rẹ ara ẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Noreen fa aṣọ lójú ère, kò sí ohun mìíràn tó kù tó lè ṣe.

Ó gbé páì tọ Wendell lọ níbi tó jókòó sí lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀.

"Jẹun."

"Mi ò jẹ."

"Wendell, mo sọ òtítọ́ fún wọn."

"Mo gbọ́. Èyí tó dùn mí jù nìyẹn." Ó gba páì náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Kò tíì jẹ ẹ́ tán tí méyọ̀ fi dé pẹ̀lú kámẹ́rà, tó sì fi í lé e lọ́wọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ bá wa ya Ìyáàfin Pardoe lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá ńlá wọn."

Wendell nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. Ó yà á, ó sì yà á dáadáa.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, Noreen dúró lẹ́nu fèrèsé ọkọ̀ Wendell. "Wọ́n ní kí n tún wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣé wàá wá?"

"Kí n wá jẹ́ ta ni níbẹ̀?"

"Ọkọ mi àtijọ́."

Wendell tú táì rẹ̀, ó ṣíná ọkọ̀. "Màá rò ó wò," ló wí.