Ẹni Tó Ń Bá Wọn Ṣa Ìdọ̀tí

Ọmọ Yorùbá kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kó má kí i. Ẹ̀kọ́ ilé ni, n kò sì bá ẹ̀kọ́ ilé jà, ṣùgbọ́n òun náà ló kó Adétọ́lá sí yọ́ọ́yọ́ọ́ ní Laurelton lókè òkun.

Iyàrá abẹ́ ilé ni òun àti ìyá rẹ̀ háyà lọ́wọ́ Gloria, opó ará Jàmáíkà kan tó fẹ́ràn òfin ju oúnjẹ lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó dé, òfin ìdọ̀tí ni Gloria fi kí wọn káàbọ̀: kí wọ́n fọ agolo, ìgò àti ike, kí wọ́n kó wọn sínú báàgì tó ń fi inú hàn, kí ìwé àti páálí ní báàgì tiwọn, kí èèpo iṣu àti eegun ẹja lọ sínú garawa búráùn. Ẹni tó bá dà á pọ̀, kó máa wá ilé mìíràn.

Ẹnu ya ìyá Adétọ́lá, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin.

"Òkú la máa ń wẹ̀ kó tó lọ, Tọ́lá. Ta ní ń wẹ agolo?"

Adétọ́lá náà ò ráyè. Wákàtí méjìlá ló fi ń tọ́jú àwọn arúgbó ẹlòmíràn níbi iṣẹ́ lójúmọ́. Gbogbo ìdọ̀tí ló ń rọ́ sínú báàgì kan ṣoṣo, tó ń fi sí ìdí àtẹ̀gùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Friday kan, ó gbọ́ tí agolo ń ró wọnwọn níbẹ̀. Ó rò pé Gloria ti gba òṣìṣẹ́. Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti kígbe pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ ṣeun gan-an! Ẹ máa fojú ilé wo ibí o!"

Agolo dákẹ́. Ẹnìkan mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ fún. Nígbà tí Adétọ́lá ṣílẹ̀kùn, kò rí èèyàn. Báàgì mẹ́ta ló wà nílẹ̀, agolo tòmátò ń dán nínú ọ̀kan, wọ́n sì ti fi okùn di ìwé ìròyìn jọ dáadáa.

Ó gòkè lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Gloria. Gloria wò ó títí.

"Mi ò gba òṣìṣẹ́ kankan. Andrew nìkan ló máa ń ṣe é báyẹn, òun ló gbé iyàrá yín fún ọdún méjìlá. Kì í fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ láìparí kó tó mú òmíràn. Inú iyàrá yẹn ló kú sí ní March."

Adétọ́lá rántí igbe tó ké láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó ti kí ẹni tí kò yẹ kó kí, ó tún ti fi ilé lọ̀ ọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ṣíṣà ti wọ inú ilé. Oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá pòórá nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Kọ́ọ̀bù tó là àti ìbọ̀sẹ̀ tí kò ní ìkejì tẹ̀ lé e. Nínú báàgì létí títì ni Adétọ́lá ti ń rí wọn, wọ́n ti mọ́ tónítóní. Ohun tó bá ti lo ọjọ́ rẹ̀ tán ni onítọ̀hún ń kó. Nígbà tó yá, ìró tí ìyá rẹ̀ ń ró àti awò ojú rẹ̀ wà nínú báàgì náà.

Adétọ́lá gbààwẹ̀, ó ka Sáàmù títí ohùn rẹ̀ fi há. Agolo ń ró lọ ní tiwọn.

Ní Thursday, ó bá ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti ya irun rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan.

"Mọ́mì, ta ló wẹ̀ yín?"

"Bàbá tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ni. Ọwọ́ ẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n ó mọ èèyàn wẹ̀. Ó ní tóun bá ti ṣe tàwọn agolo yẹn tán lọ́la, èmi ló kàn."

Adétọ́lá pariwo. Nígbà tí ẹkún rẹ̀ rọlẹ̀, ọ̀rọ̀ Gloria sọ sí i lọ́kàn: kì í fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ láìparí. Ló bá tú báàgì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dà sílẹ̀, ó po eegun mọ́ ìwé, ó da epo lé ike lórí. Lọ́jọ́ kejì, iṣẹ́ ò tán. Ìyá rẹ̀ jí.

Oṣù méjì rèé. Ó ń tọrọ ìdọ̀tí níbi iṣẹ́, ó ń kó ti ṣọ́ọ̀ṣì wálé lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ìyá kò jẹun mọ́. Ìrora ti jẹ ẹ́ ku egungun, kò sì lè dá yí ara padà. Láàárọ̀ yìí ló pè é.

"Tọ́lá, jẹ́ kí bàbá yẹn ráyè ṣe tán. Ó ti rẹ̀ mí."

Omi ń dà lójú Adétọ́lá. Ó mú ìwé ìròyìn kan, ó fà á ya wẹ́wẹ́ sínú omi ọbẹ̀.

"Iṣẹ́ ṣì pọ̀ nílẹ̀, Mọ́mì."

Ìyá rẹ̀ rọra yí ojú sí ògiri.