Orúkọ Kejì Nínú Ìwé Ahéré

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìròyìn náà dé, ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹsàn-án. Rowland Thaxter wà lórí àkàbà kékeré lẹ́yìn ilé rẹ̀, ó ń já èso ápù tí kò sí ẹni tí yóò bá a jẹ ẹ́ tán, nígbà tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú ilé. Kò yára. Láti ọdún méje tí Constance ìyàwó rẹ̀ ti kú, ẹni tó ń pe fóònù náà kò ju akọ̀wé ẹgbẹ́ awòyẹ, àwọn tó máa ń lọ wo ẹyẹ inú igbó, àti àwọn tó ń polówó fèrèsé lọ. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó nu ọwọ́, ó wọlé.

Josie ni, ọmọ Dennis Gooch. Ohùn rẹ̀ rọ̀ pẹ̀sẹ̀, bí ohùn ẹni tó ti sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún gbogbo ẹbí kó tó kan ará ìta. Ó ní bàbá òun kú ní ọjọ́ Àìkú, lórí àga tó máa ń gbé sí ẹnu fèrèsé, tòun ti awò awọ̀nàjíjìn lórí itan. Tíì rẹ̀ kò tíì tutù tán nígbà tí òun bá a.

"Mo ní kí n pè yín kí n tó pe àwọn ẹgbẹ́," ni Josie wí. "Ẹ̀yin lọ̀rẹ́ rẹ̀."

Rowland ní kí Ọlọ́run tu wọ́n nínú. Nígbà tó gbé fóònù kalẹ̀, ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò mọ ibi tí yóò yà sí. Ọ̀rẹ́. Ó ti di ọdún mẹ́sàn-án tí òun àti Dennis ti jọ jókòó nínú ahéré kan náà gbẹ̀yìn.

Nígbà kan rí, kò sí Ọjọ́bọ̀ tí wọn kì í jọ lọ sí Thornmere. Ọgbà ẹyẹ náà kò tóbi: adágún omi mẹ́ta, ọ̀pọ̀ esùsú, igbó ẹlẹ́gùn-ún kan lẹ́bàá òkun, àti ahéré onípákó tí wọ́n la fèrèsé tóóró sí lára, kí ojú ènìyàn má baà lé ẹyẹ. Tíṣà ni Rowland títí tó fi fẹ̀yìn tì. Dennis ní tirẹ̀ wa ọkọ̀ akẹ́rù fún ilé iṣẹ́ ṣúgà, ó sì ti pé ẹni àádọ́ta ọdún kó tó gbé awò sójú rí. Òun nìkan ló ń pe Rowland ní "Tíṣà," ẹ̀rín a sì máa wà nínú rẹ̀. Rowland a mú búrẹ́dì wá, Dennis a mú tíì wá nínú fúláàsì oní-ife méjì. Bí wọ́n bá jókòó wákàtí mẹ́rin, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ara wọn sọ kò lè kún ṣíbí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tó sú èkejì.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìwọ́wé ni wọ́n fẹ́ràn jù. Àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ a tò sórí wáyà bí ọmọ ilé ìwé tó ń dúró de ọkọ̀, wọ́n ń múra àtilọ sí ilẹ̀ oòrùn. Bí wọ́n bá sì ti lọ tán, atẹ́gùn ìlà-oòrùn a gbé àwọn ẹyẹ kéékèèké mìíràn wá, àwọn tó ṣìnà, tó ti rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò retí.

Àkọsílẹ̀ gbogbo irú ẹyẹ tí wọ́n ti rí ní Thornmere wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ahéré, ìkọ̀wé Rowland sì ni gbogbo rẹ̀. Igba ó lé mẹ́tàlá ni wọ́n. Irú tuntun kì í wọ ibẹ̀ bí kò bá sí orúkọ ènìyàn méjì nínú ìwé ahéré tí wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n bá rí sí, ẹni tó rí i àti ẹni tó bá a rí i. Lókè pátápátá ni Rowland kọ ìlànà kan sí fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ẹyẹ wíwò: *Ohun tí kò bá dá ọ lójú, má kọ ọ́.*

Ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, atẹ́gùn ìlà-oòrùn fẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Rowland pẹ́ dé lọ́jọ́ náà. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ igbó ẹlẹ́gùn-ún, ó bá Dennis lórí ìdọ̀bálẹ̀ nínú koríko tútù bí ọmọdé, ó na ìka kan sókè pé kó má mí. Ẹyẹ kan yọ sí etí ọ̀nà, kò ju ológoṣẹ́ lọ. Ó nà ró, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ọ̀fun rẹ̀ dà bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú ìkòkò aró. Bó sì ti kẹ̀yìn, pupa tàn yọ ní ìdí ìrù rẹ̀. Kó o tó mí lẹ́ẹ̀mejì, ó ti wọgbó.

"Tíṣà, o rí i?"

Ọ̀fun-aró ni wọ́n ń pe ẹyẹ náà. Ẹnikẹ́ni kò rí i ní Thornmere rí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Rowland ti ń jókòó ti igbó yẹn nítorí rẹ̀, nínú òjò, nínú òtútù, ó sì wá jẹ́ pé Dennis tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lánàá ni ó gbé ara rẹ̀ fún. Ohun kíkorò kan gbéra nínú àyà Rowland. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ń gbé ibẹ̀.

"Mo rí nǹkan kan tó kọjá," ó wí. "Kò dá mi lójú."

Láàárín àwọn awòyẹ, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ìyìn ni wọ́n fi ń yin ẹni tó bá sọ ọ́, wọ́n á ní oníṣọ̀ọ́ra ni. Dennis wò ó fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbọn orúnkún rẹ̀, ó lọ kọ tirẹ̀ sínú ìwé ahéré. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ bi Rowland, ohun kan náà ló tún sọ. Ó mú bírò pupa, ó fi àmì ìbéèrè sí ẹ̀gbẹ́ ìlà tí Dennis kọ.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Rowland rò pé bó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun á sọ pé òun ti tún un rò. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, Alec Bunn, aláwàdà inú wọn, ti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ní òun rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí, wọ́n á bi í pé, "Ṣé ọ̀fun rẹ̀ ní aró?" Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, Rowland náà á rẹ́rìn-ín. Dennis wá ní Ọjọ́bọ̀ méjì sí i, kò sì wá mọ́. Nígbà tí Constance kú, ó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó bọ Rowland lọ́wọ́, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sílé. Kò dárúkọ ẹyẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun náà, Prudence Catchpole, akọ̀wé ẹgbẹ́, pe Rowland. Ó ní àwọn yóò jáde ní Ọjọ́bọ̀ bí ìṣe wọn, Josie yóò tẹ̀ lé wọn, kí Rowland sì sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa Dennis nínú ahéré, nítorí pé òun ló mọ̀ ọ́n jù. Rowland ní òun ti gbọ́. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó ti gé búrẹ́dì ènìyàn méjì kó tó mọ ohun tí òun ń ṣe. Ó wò ó títí, lẹ́yìn náà ó fi bébà wé gbogbo rẹ̀.

Àwọn mẹ́rin ni wọ́n rìn lọ lójú ọ̀nà etí omi. Ìrì ṣì wà lórí koríko. Alec na ọwọ́ sí igi kan.

"Ẹyẹ nìyẹn."

"Ewé ni, Alec," ni Prudence wí.

"Ewé tó ń fò?"

"Atẹ́gùn ń fẹ́, ewé ń fò. Lọ ra awò tuntun."

"Mo ní ẹyẹ ni. Mo tilẹ̀ rí ọ̀fun rẹ̀, ó ní—"

Ó gbé ẹnu dúró, ó rántí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ojú rẹ̀ pọ́n títí dé etí. Josie, obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ tó wọ jákẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ̀ tó tóbi jù ú lọ, béèrè ohun tí ọ̀fun ẹyẹ náà ní. Prudence yára sọ pé àwàdà àtijọ́ kan ni. Rowland ń rìn lọ níwájú, kò bojú wẹ̀yìn.

Nínú ahéré, Josie gbé fúláàsì oní-ife méjì kalẹ̀ sórí pákó tó wà níwájú fèrèsé, ó sì mú ìwé kékeré kan yọ láti inú àpò. Pẹ́ńsù kúkúrú kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n fi okùn so mọ́ ọn. Ó ní bàbá òun kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í yé sọ̀rọ̀ ẹyẹ kan. Ó ṣí ìwé náà síbi tó ti fi ìyẹ́ ṣe àmì sí, ó kà á fún wọn: *Ọ̀fun-aró, akọ. Aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú. Èmi àti Tíṣà.*

"Ẹ̀yin ni Tíṣà, àbí?" ó bi Rowland. "Mo kàn fẹ́ rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí níbí ni. Tí mo bá ti rí i, ó tó mi."

Ó yí sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó fi ìka tọ àkọsílẹ̀ náà láti òkè wá sílẹ̀, ó ń ka orúkọ ẹyẹ wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tó dé orí ìkẹtàlá lé ní igba, ìka rẹ̀ dúró.

"Mi ò rí i."

Prudence wo Rowland, ó sì ní ó lè jẹ́ pé wọ́n fò ó nígbà tí wọ́n ń ṣe àdàkọ, irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀. Àánú ló fi sọ ọ́. Ilẹ̀kùn ló ṣí fún Rowland yẹn, kó gba ibẹ̀ jáde, kó ní bẹ́ẹ̀ ni, kó kọ orúkọ ẹyẹ náà síbẹ̀ lójú gbogbo wọn, kí wọ́n sì mu tíì. Ó wo ìlànà tí òun fúnra rẹ̀ kọ lókè. Ó wo ìwé kékeré ọwọ́ Josie. *Èmi àti Tíṣà.* Dennis mọ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti mọ̀, kò sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.

"Wọn ò fò ó," ni Rowland wí. "Èmi ni mi ò kọ ọ́. Mo rí i, Josie. Mo rí ọ̀fun rẹ̀, mo rí pupa ìrù rẹ̀. Wọ́n bi mí, mo ní kò dá mi lójú."

Alec ṣí fìlà rẹ̀. "Ọ̀gá, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ? Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ọkùnrin yẹn ṣe yẹ̀yẹ́."

"Mo mọ̀. Èmi náà bá yín rẹ́rìn-ín."

Alec jókòó. Josie ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ròkè.

"Kí ló dé?"

"Mo fẹ́ kó jẹ́ èmi ni máa kọ́kọ́ rí i."

"Ẹyẹ lásán?"

"Ẹyẹ lásán ni."

Josie kẹ̀yìn sí i, ó lọ dúró sí fèrèsé tóóró, ó ń wo omi. Àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ méjì tó kù ń fò lọ fò bọ̀ lójú adágún. Ó ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni bàbá òun máa ń bu tíì sí ife méjèèjì nídìí fèrèsé ilé. Òun rò pé ọjọ́ ogbó ló ń ṣe é.

Prudence tọ Rowland lọ, ó fi sùúrù sọ fún un pé òun ní láti gba kọ́kọ́rọ́ àpótí tí àwọn ìwé ahéré wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá ń tọ́jú àkọsílẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn gbára lé. Rowland ní ó tọ́. Ó ní kí ó kọ́kọ́ fún òun ní ìṣẹ́jú kan.

Ó ṣí àpótí náà, ó sì fa ìwé ọdún náà yọ lábẹ́ àwọn yòókù. Ọ̀rinrin ti mú etí rẹ̀. Ìlà náà wà níbẹ̀, ìkọ̀wé Dennis tó tóbi tó sì wọ́, àti àmì ìbéèrè pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ààyè orúkọ kejì ṣófo. Rowland fọwọ́ wá inú àpò rẹ̀, kò sí bírò níbẹ̀. Ó wá àpò kejì.

Josie yí padà. Ó tú pẹ́ńsù kúkúrú náà kúrò lára okùn, ó gbé e sórí pákó láìwo ojú Rowland.

Àmì eyín Dennis wà lára pẹ́ńsù náà. Rowland jókòó sí ibi tó máa ń jókòó sí, ní apá òsì. Ó fi ọwọ́ tẹ́ ojú ìwé náà, ó sì rọra kọ orúkọ rẹ̀ sí ààyè kejì, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, lábẹ́ orúkọ Dennis Gooch.