Akọni Tó Kọ Oríkì Mi

Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó mi, àlá tí mo lá yìí, inú ṣì ń bí mi. Mo ń gbá géèmù, akọni inú rẹ̀ ò lójú, kò lẹ́nu, gbogbo orí rẹ̀ kàn dán bí ẹyin. Mo ní èmi gan-an nìyẹn, mo wá ń fi oríkì mi kì í: "Àkànní, ṣá wọn!" Ló bá jáde látinú tẹlifíṣàn, ó ti lẹ́nu. "Ta ni Àkànní? Ṣé ìyá ẹ ló bí mi ni, òpònú?" Ó já páàdì tí mo fi ń darí rẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi, ó tẹ̀ ẹ́, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un, èmi tí mo lè bí i lọ́mọ. Mo fẹ́ ṣépè fún un, n ò lẹ́nu mọ́. Mo fọwọ́ kan ojú mi, ó dán bí ẹyin. Ni mo bá ta jí.