Ẹni Tó Pè Mí Lórúkọ Nínú Ààrò

Ẹ gbọ́, èmi kì í ṣe ojo. Bí ẹ bá bi gbogbo Òkè-Oyì, wọn á ní ẹnu èmi Ìyá Sàní mú ju abẹ lọ, inú mi sì máa ń tètè ru. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó pè mí lọ́jọ́ náà dẹ́rù bà mí.

Ọdún tí ìjọba ka ènìyàn ni, ní '91. Èmi àti ìyáálé mi, Ìyá Hàúwà, la jọ ń yan ẹja tí à ń kó lọ sí ọjà Ìpàta. Ààrò wa tóbi. Ilé alámọ̀ ni, èèyàn á bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé, ilẹ̀kùn irin kan ṣoṣo ló ní. Ìyẹ̀ igi láti sọ́míìlì la fi ń dáná rẹ̀. Bó bá pẹ́, ọ̀rá ẹja á dì mọ́ ògiri. Bí iná bá fò mọ́ ọn, wàhálà dé. Nítorí náà, oṣooṣù la máa ń ha á. Àmọ́ a kì í wọ ibẹ̀ láìkọ́kọ́ tú eérú wò bóyá iná ti kú, ká sì ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan. Iná ìyẹ̀ igi kì í kú bọ̀rọ̀. Á funfun lókè, á máa jó nísàlẹ̀.

Iṣẹ́ tèmi ni títú eérú wò, ti ìyáálé mi ni híha ògiri. Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀lẹ mú mi. Mo yọjú wò ó, mo rí i pé ó funfun, mo bá ké sí Ìyá Hàúwà: "Ẹ máa bọ̀, iná ti kú. Mo ti tú u wò, mo sì ti ṣílẹ̀kùn láti àná." Irọ́ ni mo pa. Ọwọ́ mi ò kan eérú kankan.

Mo lọ sẹ́yìnkùlé, mò ń fọ wáyà tí à ń to ẹja lé. Ọ̀sán gangan ni, ìrun Àìlà ò tíì tó. Gbogbo ilé dákẹ́. Àwọn ewúrẹ́ pàápàá dákẹ́. Ni mo bá gbọ́:

"Màsúdát!"

Ẹ jọ̀ọ́, ta ní ń pe ìyàwó ilé lórúkọ? Láti ọdún mọ́kànlá tí mo ti wọlé ọkọ, Ìyá Sàní ni ìyáálé mi ń pè mí. Ọkọ wa ń bẹ ní Jẹ́bà. Ohùn náà kò jọ tọkùnrin, kò jọ tobìnrin. Wọ́n sì ti kọ́ wa láti kékeré pé bí o ò bá rí ẹni tó pè ọ́, má dáhùn.

"Màsúdát!"

"Àúsù bílláhì!" Mo fọwọ́ di etí. Orí mi wú.

Nígbà tó pe ẹ̀ẹ̀kẹta, inú bí mi. Kì í ṣe ìgboyà o, ìbínú ni. "Àlùjọ̀nnú wo ló ń pè mí bí ọmọdé nínú ilé ọkọ mi?" Mo fa igi kan yọ, mo tẹ̀lé ohùn náà. Ẹnu ààrò ló gbé mi dé. Ilẹ̀kùn ti padé. Mo fà á ṣí, ooru gbá mi lójú. Ìyá Hàúwà wà nílẹ̀, kò mira. Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, mo wọ́ ọ jáde, mò ń ké.

Ọjọ́ kejì ló tó lajú nílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní èéfín iná tí kò láwọ̀, tí kò lóòórùn, ló fẹ́ pa á. Mo bú sẹ́kún.

"Ẹ foríjì mí. Ẹ pè mí, mi ò tètè dáhùn."

"Èmi? Mi ò pè ọ́. Ahọ́n mi ti wúwo kí n tó ṣubú."

"Ẹ pè mí lẹ́ẹ̀mẹta, Ìyá Hàúwà! Orúkọ mi gan-an lẹ pè."

"Kì í ṣe èmi. Èmi náà gbọ́ ọ. Ẹ̀yìn mi ló wà, nínú ààrò níbẹ̀." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó ní, 'Màsúdát, wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ.' Kí lo ṣe, Ìyá Sàní?"

Ǹ bá parọ́, àmọ́ ẹ̀rù ẹni tó pè mí, tó tún lè máa gbọ́, bà mí. Mo jẹ́wọ́ fún un pé mi ò tú eérú náà wò.

Kò bú mi. Ó kọjú sí ògiri. Ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí, a ṣì jọ ń yan ẹja. Bó bá ní ọ̀rọ̀ kan, á rán ọmọ sí mi. Òun fúnra rẹ̀ ò pè mí ní nǹkan kan mọ́.