Ámpílífáyà Tí Ọkọ Mi Kò Gbọ́

4.

…mo sì ń tún un sọ, n kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ilẹ̀ ni mo fẹ́ gbá. Eruku ẹ̀yìn tábìlì yẹn ti fẹ́ máa san owó ilé. Mo yọ wáyà sípíkà kúrò lára ámpílífáyà tuntun, mo gbálẹ̀, mo dá wáyà padà.

Ara èyí tó ti gbó ni mo dá a padà sí.

1. (Ibí ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀.)

Iṣẹ́ ọkọ mi ni kó máa gbọ́ ẹ̀rọ olórin, kó sì kọ ohun tó gbọ́ sínú ìwé ìròyìn. Ilé iṣẹ́ á gbé ámpílífáyà wá, ìyẹn àpótí tó ń ti orin jáde lẹ́nu sípíkà. Òun á jókòó tì í, á dijú, á máa mi orí bí alángbá. Etí-lu-kára ni àwọn òǹkàwé ń pè é. Wọ́n ní kò sí ohun tí kì í gbọ́.

Bí mo bá pè é láti ilé ìdáná, kì í gbọ́.

2.

Méjì ló wà lórí tábìlì lọ́sẹ̀ náà: tiwa àtijọ́, àti àlejò tuntun. Àwọn méjèèjì tanná. Àwọn méjèèjì ń gba orin láti ara ẹ̀rọ kan náà. 3.

Wáyà sípíkà nìkan ló ń pinnu èyí tí a ń gbọ́.

5. OHUN TÓ KỌ

*"Àlejò yìí dé, ó dà bí ẹni pé wọ́n ṣí fèrèsé. Ohùn obìnrin tó ń kọrin móoru bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Mo gbọ́ bó ṣe gbé itọ́ mì! Ámpílífáyà mi àtijọ́ ńkọ́? Ẹrẹ̀ ni. Ẹ má wulẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì."*

6.

Ẹrẹ̀ yẹn ló ń gbọ́.

7. ÌTUMỌ̀ Ọ̀RỌ̀ ÀWỌN ALÁMÈYÍTỌ́ (èmi ni mo ṣe é)

Ó móoru: mo fẹ́ràn rẹ̀.
Ó tutù: n kò fẹ́ràn rẹ̀.
Ó jinlẹ̀: n kò mọ ohun tí mo lè sọ.
Ẹ lọ gbọ́ ọ fúnra yín: ẹ má pè mí lẹ́jọ́.

8. Ọ̀RỌ̀ TÓ WỌLÉ SÓRÍ FÓÒNÙ MI

*Àbúrò, ìwé ìròyìn ti dé ọwọ́ mi. Mo ti ka ohun tí ọkọ rẹ kọ. O mọ̀ pé ariwo ẹ̀rọ tí mo fi ń gbẹ́ eyín àwọn èèyàn ti ba etí mi jẹ́. Dókítà ní yóò máa lọ díẹ̀díẹ̀ ni. Kó tó lọ tán, mo fẹ́ gbọ́ orin bó ṣe yẹ. Mo ń lọ rà á.*

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nìyẹn. Ẹni tó gbé mi pọ̀n.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí wọlé ni mo tún lọ gbálẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí wáyà.

9. NÍNÚ PÁLỌ̀, ÈMI ÀTI ỌKỌ MI

ÈMI: Dádì, ẹ wá wo ẹ̀yìn tábìlì.
ÒUN: Kí ló wà níbẹ̀?
ÈMI: Wáyà. Ara ti àtijọ́ ló wà. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí ẹ ń kọ ọ́.
ÒUN: Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe gbé itọ́ mì!
ÈMI: Ó gbé e mì lóòótọ́. Ó ti ń gbé e mì láti ọjọ́ tí a ti ra ẹrẹ̀ yín.
ÒUN: Ta ló ní kí o gbálẹ̀?
ÈMI: Ilẹ̀ ni mo gbá o. N kò gbá etí yín.

Ó fi wáyà sára àlejò. Ó jókòó. Ó dijú. Orin kan parí.

ÒUN: Bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló rí.

10.

Ẹ gbà mí.

11. ÌKÉDE (ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara tábìlì)

ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ GBÁLẸ̀ NÍBÍ.

*Kí ẹni tó kọ ọ́ máa gbá a.* (Ọwọ́ mi nìyẹn.)

12.

Wọ́n ní ìròyìn ò tó àfojúbà. Ẹni tó lọ fi etí bà á, tí kò bá nǹkan kan ńkọ́?

Nígbà tó ṣe, inú rẹ̀ rọ̀. Ó mú bírò, ó ní òun á kọ àtúnṣe ránṣẹ́ sí olóòtú. Ó kọ "Ẹ̀yin òǹkàwé mi." Ó dúró síbẹ̀.

"Bí mo bá sọ pé n kò mọ ìyàtọ̀, ta ló tún máa gbà mí gbọ́?"

"Ẹ kọ ọ́," ni mo wí. Mo gbé fóònù.

13. LÓRÍ FÓÒNÙ

ÈMI: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rà á.
Ẹ̀GBỌ́N: Mo ti rà á! Ó wà níwájú mi báyìí. Àbúrò, ọkọ rẹ kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn. Fèrèsé ló ṣí lóòótọ́! Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú èyí kẹ́yìn. Mo jókòó síbí, mò ń sunkún bí ọmọdé.
ÈMI: Ẹ̀gbọ́n…
Ẹ̀GBỌ́N: Kí lo fẹ́ sọ?

14.

Ohùn rẹ̀ ròkè, ọkọ mi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbé bírò kalẹ̀. Ó ń mi orí sí mi: má sọ ọ́.

15.

Bí mo bá sọ ọ́, ṣé ẹ̀gbọ́n mi á ṣì máa gbọ́ orin náà bẹ́ẹ̀?

16.

Ẹ̀GBỌ́N: Halóò? Halóò? Àbúrò, ṣé ò ń gbọ́ mi?