Ìdajì Iná Lọ́nà Ẹ̀fọ̀n

Mákindé ń ṣọ́ ọkọ̀ bí ẹni ń ṣọ́ àgbàdo lójú ẹyẹ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ti kọjá díẹ̀. Ó jókòó sórí àga oníke, wáyà gígùn kan sì ti inú ilé wá, ó gba ẹ̀gbẹ́ ebè iṣu ìyàwó rẹ̀ kọjá, ó lọ wọ imú ọkọ̀ oníná wọn níbi tí wọ́n gbé e sí, ogójì ìṣísẹ̀ sí ògiri ilé. Oṣù Kẹjọ ni, kùrukùru bo gbogbo Ìpótì, sólà orí òrùlé kò rí oòrùn tó máa gbà. Nọ́ńbà iná tó ń tàn nínú ọkọ̀ ni mẹ́rìnlélógún nínú ọgọ́rùn-ún. Mẹ́rìnlélógún náà ló wà níbẹ̀ láti ìdajì wákàtí.

"Bọ̀dá, ẹ káàárọ̀, sà." Ládélé ni, àbúrò ìyàwó rẹ̀, ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá wọn ní Ẹ̀fọ̀n. "Yèyé ń bèèrè àǹtí mi. Ẹ ní kí wọ́n máa bọ̀ lónìí."

"Ṣé éè sí o?"

"Éè sí, sà. Yèyé fẹ́ rí wọn ni. Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Mákindé gbé fóònù sórí itan. Ó ti mọ̀. Ta ni kò ní mọ̀ nílẹ̀ yìí? Wọn kì í túfọ̀ ìyá fún ọmọ lórí fóònù. Ọkọ ni wọ́n máa ń pè. Wọn á ní ìyá ń bèèrè ọmọ, wọn á ní kó máa bọ̀, bí ẹ bá sì bi wọ́n pé ṣé kò sí nǹkan, wọn á ní kò sí. Ní ọdún 1991, nígbà tó ń ṣe tíṣà ní Ìkọ̀lé, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe ránṣẹ́ sí i pé bàbá rẹ̀ fẹ́ rí i. Ó sáré ra oògùn, ó ra agolo mílíìkì mẹ́rin, ó sì ru gbogbo rẹ̀ wọ àárín àwọn tó ti ń sunkún láti àná. Ojú tí àwọn ènìyàn fi wo agolo mílíìkì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà ṣì ń dùn ún títí dòní. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, ṣe ni yóò sá.

Yèyé sì ti di ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Kí ni ó kù tí wọ́n máa sọ fún Mákindé?

Ó wo ọkọ̀ náà, inú bí i sí i bíi pé ó jẹ́ ènìyàn. Nathaniel, àkọ́bí wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, ló rà á fún wọn ní tuntun nígbà tí owó epo bẹ́ sókè. Orókún Felicia, ìyàwó rẹ̀, ni ìdí rẹ̀ gan-an, nítorí orókún náà kò jẹ́ kó lè há mọ́ àárín èèyàn mẹ́rin nínú ọkọ̀ èrò mọ́. Fún ọdún kan gbáko, gbogbo Sátidé ni Mákindé ń gbé ìyàwó rẹ̀ lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n. Ọkọ̀ náà kì í pariwo. Àwọn ewúrẹ́ Ìjerò kì í mọ̀ pé ó ń bọ̀ títí á fi dé ìdí wọn.

Ìgbà tó di oṣù Kẹwàá ọdún tó kọjá, lẹ́tà dé. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ní àwọn rí àléébù kan nínú bátìrì rẹ̀, pé ó lè gbiná, pé àwọn yóò pààrọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kó tó di ìgbà náà, iná inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ìdajì. Wọn ò gbọdọ̀ gbé e sábẹ́ òrùlé. Bó bá ń gba iná, ẹnì kan gbọdọ̀ máa ṣọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn ti di oṣù mẹ́wàá báyìí. Mákindé, tó ti ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gírámà fún ọdún méjìlá, tó sì gbà pé lẹ́tà tí a bá kọ dáadáa gbọdọ̀ rí èsì, ti kọ lẹ́tà mẹ́sàn-án. Èsì kan náà ló ń rí gbà: ó wà lórí ìlà, kó ṣe sùúrù. Bó bá pè wọ́n, orin ni wọ́n ń fi sí i létí títí owó fóònù á fi tán.

Àwọn tó ní irú ọkọ̀ náà káàkiri ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí Wátsáàpù. Ọ̀kan ní Ìlọrin ní adìyẹ òun ti ń yé sórí àga ẹ̀yìn. Òmíràn ní Ọ̀yọ́ ní wọ́n sọ fún òun láti oṣù Kejì pé bátìrì ti wà lọ́nà, ó ní bóyá ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá ti ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Ṣùgbọ́n Felicia kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Láàárín oṣù mẹ́wàá yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló rí ìyá rẹ̀. Nígbà tó kẹ́yìn, iná ọkọ̀ ti ń lọ sílẹ̀, Mákindé sì ń kánjú kí wọ́n lè padà délé. Yèyé di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bá ọ sọ," ó ní. "Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìdúró. Bó o bá tún wá, wàá jókòó."

Láti ọjọ́ náà ni Felicia ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí. Bó bá ń gé ilá, á ṣàdédé dá ọ̀bẹ dúró, á ní, "Àbí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni?" Bí wọ́n bá ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, á ní, "Àbí ó fẹ́ sọ ẹni tí òun fẹ́ kí wọ́n sin òun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni?"

Òun náà ló ń ti ilé jáde bọ̀ yìí, ó ń tiro díẹ̀, ó ń fi etí ìró nu ọwọ́.

"Ta ló pè, Bàbá Nathaniel?"

"Ládélé ni. Ó ní Yèyé fẹ́ rí ọ."

Ojú Felicia tàn. Ìyẹn ló kọ́kọ́ dun Mákindé jù lọ, bí ojú náà ṣe tàn. "Ọ̀rọ̀ yẹn ni," ó ní. "Ó ti fẹ́ sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Iná kò tó gun òkè Ẹ̀fọ̀n. Jẹun ná, kó o wẹ̀. Bó bá di ọ̀sán á tó."

"Ẹ bá mi pè é, kí n gbóhùn ẹ̀." Fóònù tirẹ̀ ti bọ́ sómi ní ọjọ́ Àìkú, kò sì tíì sunwọ̀n.

"Nẹ́tíwọọ̀kì ò dáa," ni Mákindé sọ. Wọ́n ti fẹ́ra wọn fún ọdún mọ́kànlélógójì, kò sì pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ fún un rí. Ó yà á lẹ́nu pé ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Èrò rẹ̀ kò pọ̀. Òkú ti kú, kò níbi tó ń kánjú lọ. Ìyàwó òun ló kù. Ẹni tó bá gbọ́ ikú ìyá rẹ̀ kì í jẹun mọ́ lọ́jọ́ náà, nítorí náà kó jẹun kó tó gbọ́. Kó wẹ̀, kó sinmi ẹsẹ̀. Kó sì jẹ́ pé nínú ọkọ̀ tiwọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, ni yóò ti rin ìrìn àjò náà, kì í ṣe láàárín àwọn àlejò tí wọ́n máa wo ojú rẹ̀. Àgbà ni òun. Ohun tí àgbà ń ṣe nìyẹn.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án lù, Ọlátúndé aládùúgbò wọn gbé Toyota rẹ̀ dúró lẹ́nu géètì. Òun náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, yẹ̀yẹ́ ló kù tó ń fi àsìkò ṣe.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ ṣì ń fún ọmọ lọ́mú ni?" ó ní, ó ń nawọ́ sí wáyà. "Iléṣà ni mò ń lọ. Bí ẹ bá tún ń lọ sí Ẹ̀fọ̀n, ẹ bọ́ sínú ọkọ̀, màá yà síbẹ̀ já yín sílẹ̀."

Mákindé wẹ̀yìn. Felicia wà nílé ìwẹ̀, ó ń kọrin ìyìn. Ó sún mọ́ Ọlátúndé, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Yèyé ti lọ. Wọ́n pè mí láàárọ̀ yìí. Kò tíì mọ̀. Mo fẹ́ rọra mú un débẹ̀ ni."

Ọlátúndé ṣí fìlà. Ó tẹ́tí sí orin tó ń bọ̀ láti ilé ìwẹ̀, ó sì mi orí. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ohun tó dáa lẹ ṣe. Irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í fẹ́ ìwàǹwára." Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Aago mọ́kànlá, Ládélé tún pè. "Bọ̀dá, ẹ ti dé ibo? Yèyé ṣì ń bèèrè. Ẹ jẹ́ n gbé—"

"Mo ti gbọ́, Ládélé. À ń bọ̀." Mákindé pa fóònù. Àánú Ládélé ṣe é. Ó mọ bó ṣe máa ń nira tó láti pa irọ́ nígbà tí ẹkún ti dé ọ̀nà ọ̀fun. Ó rò ó pé kí òun má jẹ́ kó wàhálà ara rẹ̀ púpọ̀.

Wọ́n gbéra ní aago kan. Nọ́ńbà ti di mẹ́rìndínláàádọ́ta. Mákindé kò tan ẹ̀rọ amúlétutù, kò sì sáré, nítorí eré ń jẹ iná. Tírélà, bọ́ọ̀sì, ọlọ́kadà, gbogbo wọn ló ń kọjá lára wọn. Felicia wọ bùbá aláwọ̀ ewé tí ìyá rẹ̀ fẹ́ràn, ó sì ń sọ̀rọ̀ láti Ìjerò títí dé Àrámọkọ. Ó ní bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, kí Ládélé mú un, òun ò bá a dù ú. Ó ní bó bá jẹ́ àdúrà ni, ó dáa bẹ́ẹ̀. Mákindé ń dáhùn ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.

Ní Àrámọkọ, Felicia ní kó dúró. Ó fẹ́ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ fún Yèyé, nítorí kò léyín mọ́. Mákindé jókòó sídìí ọkọ̀, ó ń wo ìyàwó rẹ̀ tó ń fọwọ́ tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń yan èyí tó rọ̀ jù, tó sì ń ná an títí. Ẹkún fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú rẹ̀. Ó rò pé òun gan-an lòun ń wò, pẹ̀lú agolo mílíìkì mẹ́rin lọ́wọ́. Kò lè ní kó má rà á. Kò sì ní kó ṣe kíá.

Òkè Ẹ̀fọ̀n fa iná náà lọ bí ẹni ń mu omi. Mọ́kàndínlógún. Mẹ́rìnlá. Nígbà tí wọ́n wọ ìlú, ó ku mẹ́sàn-án, aago mẹ́ta sì ku ogún ìṣẹ́jú.

Iwájú ilé ni ó ti kọ́kọ́ rí i pé nǹkan kò rí bó ṣe rò. Kò sí àga kankan níta. Kò sí ọkọ̀ àwọn ọmọ ìjọ. Aṣọ tí wọ́n fọ̀ ṣì wà lórí okùn, ilé tí òkú ti sùn láti àárọ̀ kì í rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ igbe láti inú yàrá, igbe tí kò tíì rí ẹsẹ̀ dúró, ti ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá.

Ládélé jáde sí wọn. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Àǹtí mi, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́ báyìí ni," ó ní. "Éè tíì tó ogún ìṣẹ́jú. Láti àárọ̀ ló ti ní ká fi ìrọ̀rí ti òun ní ìjókòó. Mo pe fóònù yín, éè lọ. Mo pe Bọ̀dá. Ní aago mọ́kànlá mo fẹ́ gbé fóònù sí i létí kó bá yín sọ̀rọ̀, ó gé mọ́ mi lẹ́nu."

"Ṣé ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún ọ?" ni Felicia bi í.

"Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní tiyín ni. Ó ní òun á dúró dè yín."

Felicia gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́, ó wọ yàrá. Ó jókòó sí ẹ̀bá ibùsùn bí ìyá rẹ̀ ti ní kó jókòó, ó sì mú ọwọ́ rẹ̀.

"Ọwọ́ ẹ̀ ṣì gbóná," ó ní. "Bàbá Nathaniel, ẹ fọwọ́ kàn án."

Mákindé fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ tó ti rò láti àárọ̀ pé ó ti tutù ni. Ọlátúndé ìbá ti gbé wọn dé kí aago mọ́kànlá tó lù. Wọn ìbá bá a lórí ìjókòó, pẹ̀lú ìrọ̀rí lẹ́yìn. Yèyé ìbá ní ju wákàtí mẹ́ta lọ láti fi sọ ohun tó fẹ́ sọ. Ọlátúndé nìkan ló mọ̀ pé ọkọ̀ mìíràn wà láàárọ̀, òun náà á sì máa rò pé nígbà náà Yèyé ti kú.

Ládélé ń ṣépè lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní Ọlọ́run á bi àwọn onílé iṣẹ́ ọkọ̀ yẹn, àwọn tí wọ́n fi bátìrì jókòó fún oṣù mẹ́wàá. Àwọn obìnrin inú yàrá ń ṣe àmín.

Felicia gbójú sókè wo ọkọ rẹ̀. "Ṣé ọkọ̀ náà ò lè gbéra rárá láàárọ̀?"

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Ọlátúndé dé ẹnu Mákindé. Ó rí ojú ìyàwó rẹ̀, ó rí bùbá aláwọ̀ ewé.

"Kò lè gbéra," ó ní.

Felicia mi orí. Kò bi í ní ìbéèrè kejì, nítorí kò mọ̀ ọ́n sí ẹni tó ń purọ́. Ó fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ tó fi di ti ìyá rẹ̀ mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tù ú nínú pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.