Ẹjọ́ Ẹ̀wà Tí Ó Dọ̀bálẹ̀ Tí Kò Dìde

Ní ìjọba Oko Etídò, àwọn tí ó ga ni ó ń pàṣẹ. Àgbàdo onírùngbọ̀n ni ọba. Ọkà Bàbà ni Ọ̀tún rẹ̀. Nítorí pé ó ga ju ọba lọ, ó máa ń tẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n má baà fi ẹ̀sùn kàn án. Orí Ìyá Ilẹ̀ ni gbogbo wọn dúró lé, kò sì sí ẹni tí ó ń bi í bóyá ó rẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀wà nìkan ni kò dúró. Ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ wọ ààfin ni ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọba gbàgbé láti ní kí ó dìde. Ẹ̀wà, ọmọ tí a kọ́ tí ó sì gba ẹ̀kọ́, nà síbẹ̀ títí ó fi bo gbogbo àgbàlá.

Ọkà Bàbà sọ nínú ìgbìmọ̀ pé, "Kábíyèsí, ìkíni tí ó pé oṣù méjì kì í ṣe ìkíni mọ́. Ilẹ̀ ni ó ń gbà!"

"Aṣọ mi ni ẹ̀yin ń pè ní olè," ni Ìyá Ilẹ̀ wí. "Òun ni ó ń bò mí, òun ni ó ń bọ́ mi. Ẹni tí ó gun ẹṣin, ilẹ̀ ni ó ń bọ̀."

"Arúgbó wo ni ó tún ń ṣe oge?" ni ọba fèsì. "Ẹ fà á tu!"

"Ṣùgbọ́n Kábíyèsí," ni Ẹ̀wà ń ké bí wọ́n ti ń wọ́ ọ lọ sí ààlà, "ẹ kò tíì ní kí n dìde!"

Oòrùn dé, ó yan Ìyá Ilẹ̀ bí ẹ̀pà. Òjò dé, ó bó awọ rẹ̀ lọ sódò. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tún pàdé, gbòǹgbò ọba ti yọ síta bí ẹsẹ̀ adìyẹ.

"Kábíyèsí, ó jọ pé ẹ ń mì," ni Ọkà Bàbà wí.

"Ijó ni mò ń jó."

Atẹ́gùn kékeré kan fẹ́. Gbì! Ọba dojú bolẹ̀ níwájú àwọn ìjòyè, irùngbọ̀n rẹ̀ wọ inú ẹrẹ̀.

"Kábíyèsí," ni Ọkà Bàbà bi í, "ta ni ẹ ń kí?"

Ọba ti wàjà.

Ìyá Ilẹ̀ wí pé, "N kò ní gbé ọba mìíràn dúró, àfi bí Ẹ̀wà bá kọ́kọ́ bò mí fún odidi àkókò òjò kan." Wọ́n sì lọ gbé Ẹ̀wà wá láti ààlà.

Ọkà Bàbà ń kùn pé, "Ṣé ẹni tí kò lè dúró ni yóò wá máa ṣíwájú ọba?"

"Ọ̀tún, wo ẹsẹ̀ rẹ," ni Ìyá Ilẹ̀ wí.

Ó wò ó. Gbòǹgbò mẹ́ta péré ni ó kù nínú ilẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀wà, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ kò lè nà díẹ̀ sí apá ibí?"